Obìnrin Tó Ń Gẹ Ìdajì Orí

Fún odidi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìdajì orí ni Ìyá Ọ̀tún ń gẹ. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ọkọ rẹ̀ ló ń gẹ ìdajì tó kù. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ìyàwó. Oníbàárà á jókòó sáàárín wọn lórí àga onírin tó ń yí, ọkọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, ìyàwó á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún, sísọ́ọ̀sì méjèèjì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn, kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́, kẹ́ṣẹ́, títí wọ́n á fi pàdé ní kòtò ọrùn lẹ́yìn. Kí èèyàn tó ka ojú ewé kan tán nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ti ń gbọn irun kúrò léjìká rẹ̀. Bàbá Òsì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ, Ìyá Ọ̀tún ni wọ́n ń pe ìyàwó. Bí wọ́n bá jọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀rẹ́ á ní, "Ẹ yà fún wọn, odidi orí kan ló ń bọ̀ yẹn."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ alágbàfọ̀ ni Ìyá Ọ̀tún nígbà ọmọge rẹ̀. Òun ló máa ń gbé àwọn aṣọ funfun tí wọ́n ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn wá fún gẹrígẹrí kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti fọ̀ wọ́n tó sì ti lọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kan tó ń to aṣọ sórí tábìlì, awakọ̀ rélùwéè kan já wọlé, òógùn bò ó. Ó ní ọkọ̀ òun máa gbéra ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pé ọ̀gá àgbà kan wà nínú rẹ̀, òun ò sì lè gbé irú irun báyìí lọ síwájú rẹ̀.

Gẹrígẹrí rẹ́rìn-ín. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ̀? Ọ̀gá awakọ̀, ọwọ́ mélòó lẹ rò pé mo ní?"

Ọmọge gbé aṣọ sílẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. "Ẹ máa gẹ tiyín, mo ti mú apá ìhín."

Kò gẹ irun rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń wo ọkùnrin náà fún oṣù mẹ́jọ, kì í sì í ṣe irun nìkan ló ń wò. Awakọ̀ bá ọkọ̀ rẹ̀. Gẹrígẹrí bá ìyàwó pàdé.

Sísọ́ọ̀sì tó mú lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tó kọ́ Bàbá Òsì níṣẹ́ ló fún un, kò sì wúlò fún un rí, torí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè má mọ̀ pé sísọ́ọ̀sì ní ọwọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ mú un, kò ní gé irun, jíjẹ ló máa jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko. Torí náà, sísọ́ọ̀sì méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ti ẹnìkejì rẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, Bàbá Òsì kú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ gẹ orí mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, ó nu sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun bá òun ra ọṣẹ wá. Kí ìyàwó tó ra ọṣẹ dé, ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti rí i kò nílò àlàyé, ẹni tí kò bá sì tíì rí i, kó má kánjú.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ìyá Ọ̀tún ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Tíṣà, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó fi ọdún méjìdínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Látìnì. Bí Tíṣà bá ti jókòó, inú ìwé ló máa ń kì ojú bọ̀. Bí wọ́n bá gẹ etí rẹ̀ mọ́ irun, ó lè má mọ̀. Ìyá Ọ̀tún so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó gẹ, ó gẹ, ó gẹ ẹ́ dé kòtò ọrùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbi tó máa ń dúró. Ó tú aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàbá náà lọ́rùn.

"Ó ti parí, Tíṣà."

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Ọ̀tún." Tíṣà dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jáde, ìwé ṣì wà níwájú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ló gbà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ti pé jọ síbẹ̀ láti bọlá fún un, dókítà wà níbẹ̀, adájọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gá oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà tẹríba fún wọn, ó sì ṣí àkẹtẹ̀. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Apá òsì rí bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ìjì bá jà. Adájọ́ fi áńkáṣíìfù di ẹnu, ẹ̀rín gba imú rẹ̀ jáde, bí gbogbo ilé ṣe dà wó nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọ̀tún rí àkẹtẹ̀ náà láti ojú fèrèsé, tó ń bọ̀ gbuurugbu. Ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ gbà fún un ni, abẹ́ bẹ́ǹṣì ni ì bá kó sí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló—"

"Ta ló ń bínú? Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, wọn ò fìgbà kan rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi. Àná ni mo kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Adájọ́ sunkún! Ẹ wá bá mi gẹ èyí tó kù."

"Ẹni tó ń gẹ èyí tó kù ò sí níbí mọ́."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ etí òsì, ó sì gbìyànjú. Gẹrígẹrí mìíràn á kàn yí àga ni, á fi ọwọ́ kan gẹ odidi orí. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Ọ̀tún àti ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibòmíràn ju ìdajì tiwọn lọ. Tó bá ti kọjá sí ìhà kejì, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì. Odidi wákàtí kan ló fi gẹ ibẹ̀, nígbà tó sì máa parí, orí Tíṣà ti ní àtẹ̀gùn mẹ́ta.

Tíṣà wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Ó dáa. Ẹyẹ lè máa gbà á gòkè." Ó yí àga náà, ó kọjú sí i. "Ìyá Ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ fún yín. Ambidextrous."

"Àrùn ni?"

"Àrùn kọ́! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ iṣẹ́ ni. Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n rán pọ̀."

"Ẹ tú u fún mi, bí ìgbà tí èèyàn ń tú ìránṣọ."

Inú Tíṣà dùn ṣìnkìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀ ẹ́ pé kó tú ohunkóhun. "Iwájú ni ambi, ìyẹn ni níhà méjèèjì. Ẹ̀yìn ni dexter, ìyẹn ni ọ̀tún. Ẹ rán wọn pọ̀: ẹni tó jẹ́ ọ̀tún níhà méjèèjì."

Ìyá Ọ̀tún wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún yí wọn padà. "Ẹni tó ní ọwọ́ ọ̀tún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Òsì ńkọ́? Ibo ni wọ́n gbé òsì jù sí?"

"Wọn ò kà á kún. Lójú tiwọn, ọ̀tún ló mọ iṣẹ́. Inú rẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú dexterity, tó túmọ̀ sí kí ọwọ́ já fáfá. Sinister ni wọ́n ń pe òsì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di orúkọ fún ohun burúkú tó ń dẹ́rù bani."

"Ọkọ mi!" Ìyá Ọ̀tún di apá àga mú. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n pe ọkọ mi! Ọkùnrin tó máa ń bẹ eṣinṣin kó tó lé e jáde! Sinister!" Ẹ̀rín mú un, kò lè mí, omi ń dà lójú rẹ̀. Oṣù méjì rèé tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló ti ń kó jọ de ọ̀rọ̀ Látìnì.

"Ẹ dúró, ó ṣì kù," ni Tíṣà wí, ẹ̀rín ti ń mú òun náà. "Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbọ́n kan, ambidexter. Nígbà láéláé, èébú ni nílé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n máa ń fi bú ọmọ ìgbìmọ̀ adájọ́ tó bá gba rìbá lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, tó sì tún gbà á lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́."

"Ìyẹn náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ẹ má ṣe bú u!" Ó fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ń ronú. "Tíṣà, ṣé àwọn èèyàn lè sọ ohun tí ò sí lórúkọ?"

"Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì."

"Kì í ṣe ti irú èyí. Ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ wà tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó wá orúkọ fún un. Ṣé obìnrin ni?"

"Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

"Obìnrin ni," ni Ìyá Ọ̀tún wí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì mú sísọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ilé ìkàwé yẹn kò pẹ́ dé etí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ wá tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti ń gẹ orí ní àbọ̀-àbọ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kù, ṣé kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, ìwọ ọmọ yìí."

"Mi ò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, Màmá. Yàrá wà fún yín nílé wa, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Ẹ wá jókòó."

"Kí n jókòó, kí n máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa jókòó."

Ìyá Ọ̀tún mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ohun tí òun á dà lójú fèrèsé yẹn: opó tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún. Nínú ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kó rí, ẹnì kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àga náà tí òun ń yà fún.

"Fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin," ló wí. "Ọwọ́ òsì mi ń kọ́ iṣẹ́. Mú odidi orí kan wá fún mi, orí tó bá ṣáà ti wù ọ́. Bí ọwọ́ òsì mi bá dójú tì mí lórí orí yẹn, màá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọ lọ́wọ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń rín tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn. "Orí tó bá wù mí? Ti ọkọ mi."

Oníròyìn ni ọkọ Nọ́ọ̀sì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ka ìròyìn lórí rédíò, níbi tí orí èèyàn ti lè rí bó ṣe fẹ́, torí ohùn nìkan layé ń gbọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí tẹlifíṣọ̀n ni, ọjọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sígbà náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ló máa kọ́kọ́ fi ojú hàn.

Bí ẹ bá rí ọwọ́ òsì Ìyá Ọ̀tún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa ṣàánú rẹ̀. Ó fi bu tíì, tíì lọ sítan. Ó fi ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí gọ́tà. Ó fi ya irun ara rẹ̀, òòyà há. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìyà rẹ̀ jù ni Ṣóbàtà tó ń tún bàtà ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé mọ́ọ̀pù rẹ̀ síta kó lè gbẹ. Kó tó padà dé, wọ́n ti gẹ mọ́ọ̀pù náà, wọ́n ti la ọ̀nà sí i láàárín, wọ́n sì ti fi pòmédì kùn ún.

"Ìyá Ọ̀tún! Ṣé mọ́ọ̀pù mi ń lọ ṣègbéyàwó ni?"

"Fi sílẹ̀, ó yẹ ẹ́. Wo ìhà òsì yẹn dáadáa, ṣé ó gún?"

"Ó gún. Kí ni kí n wá fi nulẹ̀?"

"Láti ìgbà wo ni ilẹ̀ rẹ ti ń mọ́?"

Ṣóbàtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bàtà oníbàárà. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé nǹkan onírun wá, búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó, awọ àgùntàn, ọmọláńgidi ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé orí ara rẹ̀ wá. Orí náà ni Ìyá Ọ̀tún wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi gbọ́ ọ: kẹ́ṣẹ́, ohùn tó mọ́, tí kò ní jíjẹ nínú, látọwọ́ òsì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè.

"Kí ló dé?" ni Ṣóbàtà bi í, ẹ̀rù ti ń bà á. "Ṣé etí mi ti bọ́?"

"Etí rẹ wà níbẹ̀. Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ní Sátidé tí ìlérí pé, Nọ́ọ̀sì mú ọkọ rẹ̀ wá bí ẹni tó mú aláìsàn wá síbi iṣẹ́ abẹ. Oníròyìn jókòó, ó di apá àga mú gírígírí.

"Màmá, ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ yín o."

"Irun rẹ nìkan ni, ọmọ mi. Jókòó jẹ́ẹ́."

Apá ọ̀tún kò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń sọ̀rọ̀, ó ń béèrè nípa ọmọ, nípa ilé, nípa ológbò. Lẹ́yìn náà ló gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó mú ti ọkọ rẹ̀, ó sì kọjá sí ìhà kejì. Ẹnu rẹ̀ pa. Irun márùn-ún, ó dúró, ó wò ó. Irun márùn-ún mìíràn. Ẹ̀rù ba oníròyìn débi pé ohùn iṣẹ́ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

"Ìròyìn tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ báyìí sọ pé sísọ́ọ̀sì ti kọjá létí òsì, etí náà kò sì fara pa. A ó máa fi bó bá ṣe ń lọ tó yín létí."

"Pa ẹnu mọ́, o ń mì orí!" ni Nọ́ọ̀sì wí, àmọ́ ejìká òun náà ti ń mì.

Nígbà tí Ìyá Ọ̀tún ti fi pòmédì tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn, ó yí orí ọkọ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí nǹkan kan. "Hmm," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó lábẹ́ iná tẹlifíṣọ̀n. Iná yẹn kì í ṣojúsàájú."

Ní ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́fà tó lù, ṣọ́ọ̀bù Ṣóbàtà ti kún, torí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà jókòó síwájú pátápátá, Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Orin ìròyìn dún. Oníròyìn yọ, ojú rẹ̀ ń dán, orí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n hó yèè.

Wọ́n hó tètè jù. Iná ibẹ̀ gbóná, pòmédì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí oníròyìn ṣe dé orí ìròyìn kejì, òṣùṣù irun kékeré kan gbéra lókè etí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń ti ojú oorun dìde. Ó dúró ṣánṣán. Tí oníròyìn bá ti mi orí, òun náà á mi orí. Ó dà bí ẹni pé ó fara mọ́ gbogbo ohun tí ìjọba sọ.

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ọ̀tún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti wo ibi tí irun náà wà. Apá òsì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wo orí nínú dígí, ojú rẹ̀ kò lè ṣì í. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Gbà. Òsì ti dójú tì mí."

Ẹ̀rín gé. Oníròyìn nìkan ló ń sọ̀rọ̀, irun rẹ̀ sì ń gbà fún un. Nọ́ọ̀sì wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ohun tó ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wúwo.

"Ẹ dúró ná," ni Tíṣà wí. "Òsì ta ni?"

"Òsì rẹ̀ ni. Ṣé ẹ ò rí i níbẹ̀ yẹn ni?"

"Ṣóbàtà, lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn. Kọjú sí wa. Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ sókè."

Ṣóbàtà gbé e sókè. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí irun náà wà gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

"Ìyá Ọ̀tún," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀, "tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe dígí. Ẹ̀yìn oníbàárà lẹ máa ń dúró sí, ẹ ó sì jọ wo inú dígí, òsì rẹ̀ á wà lápá òsì yín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọjú sí wa ni. Òkè etí ọ̀tún rẹ̀ ni irun yẹn wà."

Ìyá Ọ̀tún wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo Ṣóbàtà. Ó yíra padà, ó fẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó gbé èkejì, ó tún kọjú sí i. "Ọ̀tún? Ọwọ́ ọ̀tún mi? Èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Èyí tó ń béèrè nípa ológbò," ni Nọ́ọ̀sì wí, ẹ̀rín sì dá a lẹ́kun. Ó wó lé ìyá rẹ̀ léjìká. Ṣóbàtà ti gbàgbé láti sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Tíṣà ń lu itan, ó ń pe dexter, dexter, bí ẹni tó ń pe ajá tó sá nílé.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì rí èémí mí, ó wo ìhà kejì orí ọkọ rẹ̀, níbi tí irun kan kò ti ju ọ̀kan lọ. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ọwọ́ òsì yín ò dójú tì yín, Màmá. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí n máa mú lọ sílé, kó lọ jókòó sójú fèrèsé."

"Kò lọ síbì kankan, màá fìyà jẹ ẹ́ níbí," ni Ìyá Ọ̀tún wí. "Ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ rẹ wá. Kó má pẹ́ o, orí Tíṣà ń dúró, mo fẹ́ wó àtẹ̀gùn kan."

Aago méje ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù nígbà tí fóònù Nọ́ọ̀sì dún. Oníròyìn ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀ àti ẹ̀rù.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi? Báwo ni mo ṣe ka ìròyìn náà?"

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo Tíṣà. Tíṣà wo Ṣóbàtà. Gbogbo wọn wo ara wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́jọ́ náà.

"Ìròyìn wo?" ni Ìyá Ọ̀tún pariwo sínú fóònù.